Bí Ọ̀dọ́kùnrin Ṣe Lè Rí Ọ̀nà Ìmúra Tirẹ̀, Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Aṣọ Tó Wà Nílé

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń bi wá lemọ́lemọ́: "Mo fẹ́ máa múra dáadáa, àmọ́ mi ò mọ ohun tó yẹ mí. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?" Èsì wa ni pé má tíì ra nǹkan kan. Aṣọ kún àpótí ọ̀pọ̀ yín, èyí tó bá yín lára mu ni kò pọ̀. Ẹlòmíì á rí àwòrán olórin kan lórí Instagram, á gbé e lọ bá télọ̀, wọ́n á rán an tán, á wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di ká a sílẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ẹni tó ń gbé Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, tó ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ òyìnbó, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀, la kọ èyí fún. Tẹ̀ lé e bó ṣe tò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré lọ sọ́jà kó tó wọn ara rẹ̀, òfò ló ń lọ rà.

Kí o tó ná kọ́bọ̀

1. Kó gbogbo aṣọ rẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, títí kan èyí tó wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ àti èyí tí àbúrò rẹ ti sọ di tirẹ̀.
2. Pín in sí òkìtì mẹ́ta: èyí tí o ń wọ̀ lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, èyí tó jẹ́ ti òde nìkan, àti èyí tí o kò fọwọ́ kàn láti bí ọdún kan.
3. Nínú òkìtì àkọ́kọ́, mú mẹ́ta tó jẹ́ pé bí o bá wọ̀ wọ́n, o kì í fà wọ́n sókè fà wọ́n sísàlẹ̀. Tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o kọ ohun tí wọ́n fi jọra: irú ọrùn tí wọ́n ní, ibi tí apá wọn dé, bí wọ́n ṣe gùn tó, àwọ̀ wọn, bóyá wọ́n wúwo tàbí wọ́n fúyẹ́.
4. Bọ́ sórí òkìtì kẹta. Wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí o sì sọ ìdí tí o fi pa á tì: "Ó ń há mi lábíyá." "Ooru rẹ̀ pọ̀." "Bàtà mi kankan ò bá a lọ."

Ohun tí o kọ ní ìgbésẹ̀ 3 ni ìpìlẹ̀ ìmúra rẹ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ aláìní-kọ́là, tí àwọ̀ wọn sì jinlẹ̀, o ti mọ ibi tí wàá gbà. Ohun tí o sọ ní ìgbésẹ̀ 4 ni ohun tí o kò gbọdọ̀ fowó rà mọ́, bó ti wù kó dára lára ẹlòmíì tó.

Lẹ́yìn èyí, mú bébà, kí o kọ ọjọ́ méjèèje inú ọ̀sẹ̀ rẹ: ọjọ́ iṣẹ́, ọjọ́ ẹ̀kọ́, ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí Jímọ́ọ̀, ọjọ́ tí o máa ń jáde pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Ibi tí ọjọ́ pọ̀ sí ni owó yẹ kó lọ. A máa ń rí ẹni tó ní agbádá mẹ́ta tí kò ní ju ṣẹ́ẹ̀tì méjì tó ti ṣá lọ fún ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì.

Wọn ara rẹ, kí o sì kọ ọ́ sórí fóònù

Ra téèpù aránṣọ, kò wọ́n. Wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, dúró ṣánṣán, má fa ikùn wọlé, kí ẹlòmíì sì bá ọ wọ̀n ọ́n.

- Ejìká: láti orí eegun ejìká kan dé èkejì, gba ẹ̀yìn.
- Àyà: yí i po lábẹ́ abíyá, níbi tó ti tóbi jù.
- Ikùn: yí i po ní ìdodo.
- Ìdí: yí i po níbi tó ti yọ jù.
- Apá: láti eegun ejìká dé ọrùn ọwọ́.
- Ọrùn: yí i po, kí ìka kan lè wọ abẹ́ téèpù.
- Itan: níbi tó ti sanra jù.
- Gígùn ṣòkòtò: láti ibi tí o ti ń so ó dé eegun kókósẹ̀.
- Orí: yí i po lókè etí. Nọ́ńbà yìí ni wàá fi ra fìlà.

Ìwọ̀n ara nìyí o, kì í ṣe ìwọ̀n aṣọ. Aṣọ gbọ́dọ̀ ní ààyè tí ara yóò fi mí. Fún ṣẹ́ẹ̀tì, fi bí ínṣì 4 kún ìwọ̀n àyà; fún bùbá tàbí káfùtáànì, ínṣì 5 sí 6. Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé: o ti fi ínṣì 4 kún un kí o tó fún télọ̀, òun náà tún fi ínṣì 4 mìíràn kún un, aṣọ wá di àpò. Nítorí náà, sọ fún un kedere: "Ìwọ̀n ara mi lásán nìyí, ẹ bá mi fi ààyè kún un."

Wọn ara rẹ lọ́tun ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, pàápàá bí o bá ń gbé irin tàbí bí o kò bá tíì pé ọmọ ọdún 25.

Bí aṣọ ṣe yẹ kó jókòó lára

Ejìká ni kí o kọ́kọ́ wò. Ojú rírán tó so apá mọ́ ara aṣọ gbọ́dọ̀ jókòó sórí eegun ejìká rẹ gan-an. Bí ó bá já wálẹ̀ sí apá, aṣọ náà tóbi; bí ó bá ń wọ ọ̀nà ọrùn lọ, ó kéré. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ ṣeé gbà wọlé lówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n láti tún ejìká ṣe, àfi kí wọ́n tú apá méjèèjì kúrò, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń bàjẹ́ sí i. Aṣọ tí ejìká rẹ̀ kò bá ọ mu, fi í sílẹ̀ sọ́jà.

Lẹ́yìn ejìká:

- Apá gígùn dúró sí eegun ọrùn ọwọ́. Apá kékeré dúró sí àárín ìgbọ̀nwọ́ àti ejìká.
- Ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò ìbílẹ̀ tí kò fẹ̀ jù, ínṣì 14 sí 16 ní yíyípo. Bí o bá ní kí wọ́n ṣe é kéré sí 13, ẹsẹ̀ lè má kọjá, ojú rírán á sì máa ya.
- Ṣòkòtò kò gbọdọ̀ ká jọ sórí bàtà. Kí ó fọwọ́ kan bàtà díẹ̀, kó tó.
- Bùbá tàbí káfùtáànì: ẹni tó ga lè jẹ́ kó sún mọ́ orúnkún. Ẹni tó kúrú, kí ó dúró sí àárín itan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ á dàbí ẹni pé wọ́n gé e.

Ẹni tó tín-ín-rín máa ń rò pé aṣọ fífẹ̀ ló máa mú òun sanra. Rárá o, ńṣe ló ń jẹ́ kí títín-ín-rín rẹ̀ hàn sí i. Aṣọ tó bá ọ mu, tó nípọn díẹ̀, ló ń fún ni ní ìrísí. Ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ, má ṣe so ṣòkòtò sábẹ́ ikùn; so ó ní ìdodo, kí bùbá sì já wálẹ̀ láti àyà láìfún ikùn mọ́ra.

Àwọ̀: mú mẹ́rin, kí o dúró tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀

Dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, má tan iná. Gbé aṣọ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àgbọ̀n rẹ, kí ẹnì kan sọ ohun tó kọ́kọ́ rí, ojú rẹ ni tàbí aṣọ. Èyí tó jẹ́ kí ojú rẹ kọ́kọ́ hàn ló yẹ ọ́. Nínú wọn, mú méjì tó jinlẹ̀ (bí aró, dúdú, àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn), ọ̀kan tó mọ́lẹ̀ (funfun, kaki, eérú fẹ́ẹ́rẹ́), àti ọ̀kan péré tó ń ké, ìyẹn èyí tó ń fa ojú. Bí o bá dúró tì wọ́n fún bí ọdún kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun tí o bá rà ni yóò bá èyí tó wà nílé lọ.

Aṣọ wo ni kí n rà?

Ooru ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí aṣọ tó dá lórí rọ́bà, bíi pọ́lísítà, rọrùn. Òwú ń mu òógùn. Pọ́lísítà ń há a mọ́ ara, ìdí nìyẹn tí òórùn abíyá kì í fi tètè kúrò lára rẹ̀. Oníṣòwò lè sọ pé òwú pọ́ńbélé ni. Láti mọ òtítọ́, ní kí ó fún ọ ní fọ́nrán òwú kan láti etí aṣọ, gbé e sórí síméǹtì, kí o ṣáná sí i. Òwú gidi a jó bíi bébà, eérú rẹ̀ a sì fọ́ lọ́wọ́. Pọ́lísítà a súnra kì níwájú iná, a yọ́, a sì di kókó dúdú líle. Bí o bá rí méjèèjì pọ̀, àdàlù ni. Àdàlù kò burú, kì í tètè rún, àmọ́ má san owó òwú fún un.

Àdìrẹ yẹ kó ní àlàyé tirẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń rà báyìí, òun náà ni wọ́n sì ń bà jẹ́ jù. Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lo ti máa rí oríṣiríṣi. Kí o tó sanwó, bẹ ìyá oníàdìrẹ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n fi omi kan etí ẹ̀." Rin etí aṣọ náà, kí o fi áńkáṣífì funfun nù ún gírígírí. Bí aró bá hàn fẹ́ẹ́rẹ́, kò sí wàhálà, àdìrẹ tuntun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí áńkáṣífì bá di aró kítikìti, ọrùn rẹ àti síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ ló kàn. Bí o bá délé:

1. Rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lọ́tọ̀. Iyọ̀ tí wọ́n máa ń ní kí a bù sí i kò lè mú aró tí kò wọlé dúró. Ṣíṣàn án léraléra ló ń lé àṣẹ́kù aró jáde.
2. Ṣàn án títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.
3. Yí inú rẹ̀ síta, sá a síbi òjìji. Oòrùn gangan ń pa aró.
4. Lọ̀ ọ́, kó tó lọ bá télọ̀.

Fífọ aṣọ ṣáájú rírán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Òwú máa ń sún kì. Ṣòkòtò tó dé kókósẹ̀ lọ́jọ́ tí o gbà á lè gun òkè lẹ́yìn fífọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, o ò sì ní lè bá télọ̀ jà.

Yáàdì tí ẹni tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n nílò, bí aṣọ bá fẹ̀ tó ínṣì 45:

- Ṣẹ́ẹ̀tì alápá kékeré: yáàdì 2
- Ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn: yáàdì 2 àbọ̀
- Bùbá àti ṣòkòtò: yáàdì 4
- Agbádá, bùbá àti ṣòkòtò: yáàdì 10

Ẹni tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, tàbí tó sanra, kí ó fi ààbọ̀ sí yáàdì kan kún un. Aṣọ tó fẹ̀ tó ínṣì 60, bíi ọ̀pọ̀ káṣímíà, kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Nípa áńkárá, bí àwòrán ara rẹ̀ bá tóbi, ra díẹ̀ sí i kí télọ̀ lè mú àwòrán náà bára mu ní àyà. Bí ẹyẹ bá pín sí méjì lójú bọ́tìnnì, gbogbo ènìyàn ló ń rí i. Òfì (sányán, àlàárì, ẹtù) jẹ́ aṣọ tó nípọn, má fi í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́. Fìlà ni kí o kọ́kọ́ fi òfì ṣe.

Bí o ṣe máa bá télọ̀ ṣiṣẹ́

Télọ̀ tó mọ ara rẹ ju ṣọ́ọ̀bù aláràbarà mẹ́wàá lọ. Bí o ṣe máa rí i nìyí.

1. Bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yí inú aṣọ tó gbé kọ́ síta. Ojú rírán gbọ́dọ̀ tọ́, kí wọ́n ti wíìfù etí rẹ̀ (kí wọ́n fi ẹ̀rọ rán etí rẹ̀ kó má bàa tú), kí òwú má sì máa já lọ́wọ́. Ìta aṣọ lè tan ni jẹ. Inú rẹ̀ kì í tan ni.
2. Fi áńkárá yáàdì 2 dán an wò. Má gbé òfì tàbí aṣọ ìgbéyàwó fún télọ̀ tí o kò tíì mọ ọwọ́ rẹ̀.
3. Mú ọ̀kan nínú aṣọ mẹ́ta tó bá ọ mu lọ. Àwòrán orí fóònù ń fi irú aṣọ tí o fẹ́ hàn án, aṣọ ara rẹ ló ń fi ìwọ̀n hàn án. Ẹni inú àwòrán lè ga jù ọ́ lọ.
4. Sọ ohun tí o fẹ́ ní kedere: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kó há mi lábíyá. Ẹ bá mi fi ínṣì kan sílẹ̀ nínú ẹ̀gbẹ́ àti ìdí ṣòkòtò, bí mo bá sanra ká lè tú u." Ẹni tí kò bá béèrè èyí, wọ́n á gé gbogbo ẹ̀ dànù.
5. Dá ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ òde rẹ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan, kí o sì san ìdajì owó. Ní àsìkò Iléyá àti Kérésì, gbé aṣọ lọ ní oṣù kan ṣáájú. Bó ti wù kí télọ̀ jẹ́ olóòótọ́ tó, aṣọ a máa pọ̀ jù ú lọ nígbà yẹn.
6. Wọ̀ ọ́ wò níbẹ̀. Na apá sókè, jókòó, lóṣòó, ká ọwọ́ mọ́ àyà. Má san ìyókù owó kí o tó ṣe gbogbo èyí.

Bí nǹkan bá wọ́, ibi tó ti wọ́ rèé:

- Aṣọ ń fà láti ojú bọ́tìnnì lọ sí ẹ̀gbẹ́: àyà rẹ̀ fún. Kí wọ́n tú ínṣì tí wọ́n fi sílẹ̀.
- O na apá, gbogbo aṣọ gòkè pẹ̀lú rẹ̀: ihò apá ti jìn jù wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní kí télọ̀ fẹ̀ ẹ́ sí i. Ìyẹn ló ń bà á jẹ́ jù. Ihò apá tó súnmọ́ abíyá, láìhá a, ló ń jẹ́ kí apá rìn. Èyí tó ti jìn kò ní àtúnṣe tó rọrùn, sọ ọ́ fún un kó tó gé èyí tó kàn.
- Ṣòkòtò ń gé ọ nídìí bí o bá jókòó: láti ibi tí o ti ń so ó dé abẹ́ kúrú jù.

Òkìríkà

Jíǹsì, jákẹ́ẹ̀tì àti ṣẹ́ẹ̀tì òyìnbó tó lágbára wà ní ọjà Yábàá tàbí ọjà Katangúà l'Ékòó ní owó tó kéré gan-an sí owó tuntun. Tètè lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá tú béèlì. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ọrùn rẹ̀ kì í bára mu láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí náà mú téèpù rẹ dání.

Kí o tó sanwó:

- Gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: ihò kòkòrò, ibi tó ti fẹ́lẹ́
- Abíyá àti ọrùn: àmì òógùn tó ti di pupa rẹ́súrẹ́sú kì í sábà lọ mọ́
- Àárín itan: ibẹ̀ ni jíǹsì ti ń kọ́kọ́ já
- Sípù: fà á lọ fà á bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta
- Bọ́tìnnì: ka iye rẹ̀

Bí o bá délé, rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, sá a sóòrùn, kí o sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ tinú-tòde kó tó kan ara rẹ. Aṣọ onírun àgùntàn kò gba omi gbígbóná, yóò sún kì di ti ọmọdé. Pátá, síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀ òkìríkà, má rà á rárá.

Aṣọ ẹbí kò gbọdọ̀ ba ètò rẹ jẹ́

Aṣọ ẹbí ló ń jẹ owó ọ̀dọ́kùnrin jù, a kò sì lè sọ pé kí o má bá ẹbí ṣe. Ohun tí o lè ṣe ni pé kí o rán an ní ọ̀nà tìrẹ: ọrùn kan náà, gígùn kan náà tí o ti kọ sílẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá sí nínú mẹ́rin rẹ, má rán bùbá àti ṣòkòtò. Fi yáàdì 2 rán ṣẹ́ẹ̀tì, wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ṣòkòtò dúdú. Bí àpò kò bá gbà á, ra fìlà nìkan, kí o wọ̀ ọ́ sórí aṣọ funfun. Ó wọ́pọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bínú.

Bí owó bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, rà á bó ṣe tò yìí

1. Jíǹsì aró kan tí kò ya, àti ṣòkòtò kaki kan
2. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, aró fẹ́ẹ́rẹ́ kan
3. Bàtà awọ kan, pẹ̀lú ìgbànú tí àwọ̀ rẹ̀ bá a mu
4. Bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ kan ṣoṣo, láìní iṣẹ́ ọnà púpọ̀
5. Pámù tàbí sáńdà fún aṣọ ìbílẹ̀
6. Ṣẹ́ẹ̀tì àdìrẹ tàbí áńkárá kan
7. Fìlà tó bá nọ́ńbà orí rẹ mu gan-an. Èyí tó há á fi orí fífọ́ dá ọ lọ́lá
8. Agbádá, ìgbà tí gbogbo ìyókù bá ti wà nílẹ̀

Kí o tó ra ohunkóhun tí kò sí níbí, dárúkọ aṣọ mẹ́ta nílé tí yóò bá a lọ. Bí o kò bá lè dárúkọ wọn lójú ẹsẹ̀ níwájú oníṣòwò, dá a padà.

Ohun kan yóò wá di àmì rẹ lẹ́yìn oṣù díẹ̀: abetí-ajá tí o máa ń dé, apá tí o máa ń ká sókè, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ kan. Má wá a kiri. Àwọn ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ rí i, wọ́n á máa dárúkọ rẹ mọ́ ọn. Ọ̀kan tó, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀, aago ńlá àti awò dúdú lọ́jọ́ kan náà ti pọ̀ jù.

Bí o bá wà lókè òkun tí télọ̀ rẹ sì wà nílé

Má fi ìwọ̀n ara nìkan ránṣẹ́. Tẹ́ aṣọ tó bá ọ mu sórí tábìlì, na téèpù sórí rẹ̀, kí o sì ya fọ́tò ibi kọ̀ọ̀kan: ejìká sí ejìká, abíyá sí abíyá, gígùn, ẹnu apá, ìbàdí, ẹnu ẹsẹ̀. Kọ ọ́ sí i pé aṣọ lo wọ̀n, kì í ṣe ara, kí ó má bàa tún fi ààyè kún un. Bí o bá fẹ́ wọ súwẹ́tà sábẹ́ bùbá nígbà òtútù, sọ fún un, kí ó fi ínṣì 2 sí i ní àyà àti ínṣì 1 ní apá.